Fídíò Temenuga Tí Kò Gbọ̀n

Metodi, bàbá Temenuga, ló ń da sinimá sójú ògiri ní Toplets nígbà tí ìlú wa ṣì ní sinimá. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kì í bá ènìyàn jà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ìjọba gbé fún un ti gbó ju òun alára lọ. Bí fíìmù bá há, tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo gbọ̀ngàn á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wọ́n á máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa pariwo pé, "Aṣebàtà! Aṣebàtà!" Èébú tí à ń bú ẹni tó bá ba sinimá jẹ́ nìyẹn, ohun tí àwọn aṣebàtà fi ṣe wá, èmi ò mọ̀. Nínú yàrá kékeré òkè lọ́hùn-ún, Temenuga máa ń rí ẹ̀yìn ọrùn bàbá rẹ̀, bó ṣe ń pọ́n, bó ṣe ń làágùn nídìí ẹ̀rọ. Ó dàgbà pẹ̀lú ìkórìíra kan tí ẹlòmíràn kò ní: kò fẹ́ rí àwòrán tó ń fò. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ta gììrì lẹ́ẹ̀kan péré nílé onílé, á dìde, á ní òun ń lọ gba atẹ́gùn.

Iṣẹ́ tó wá yàn láàyò kò jìnnà sí ti bàbá rẹ̀. Ilé tí wọn kò tíì kọ́ ló ń ṣe fídíò rẹ̀. Àwọn ayàwòrán-ilé á fi ìwé ìlà ránṣẹ́ sí i láti Sofia, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, nígbà mìíràn láti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun á kọ́ ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, á gbin igi síwájú rẹ̀, á mú kí oòrùn ràn sójú fèrèsé, á wá mú kámẹ́rà tí kò sí níbì kankan rìn gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kọ̀ǹpútà á máa kun àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí wọ́n á fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí Temenuga á wá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n lè máa rìn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á sọ fún ọ pé kíkun àwòrán kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni kí fídíò náà lọ geere nígbà tí wọ́n bá gbé e sójú ẹ̀rọ. Bí kámẹ́rà bá sáré jù, ògiri á máa fò. Bó bá yà lójijì, ojú òǹwòran á kọsẹ̀. Bí fídíò bá wúwo ju agbára ẹ̀rọ tó ń gbé e lọ, á máa lọ, á máa dúró, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Ti Temenuga kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ máa ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, débi pé òǹwòran á gbàgbé pé àwòrán lòun ń wò, á máa wá ibi tí òun máa gbé bàtà sí. Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un máa ń sọ láàárín ara wọn pé, "Gbé e fún obìnrin Toplets yẹn, kò ní fò." Kò sí ìyìn tó dùn mọ́ ọn tó ìyẹn láyé.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ já èso ní Spain, ó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Òun àti ìyá rẹ̀, Gana, ló jọ ń gbé ní àjà kẹrin nínú ilé alápapọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Gana ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹrin ni ilé ìwẹ̀.

Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ nílùú wa, ó ń sun kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé. Ilé ìwẹ̀ àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀, olórùlé róbótó, tó ń jò níbi púpọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn obìnrin. Wọ́n á jókòó yí ọpọ́n òkúta ká, wọ́n á máa bu omi sórí, wọ́n á máa fọ ẹ̀yìn fún ara wọn, nítorí ní Toplets, ẹ̀gàn ni kí obìnrin máa dá ẹ̀yìn ara rẹ̀ fọ̀ bí ẹni tí kò ní ẹnì kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ká. Bí Gana bá ti wọ inú omi yẹn, orúnkún rẹ̀ á rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí Ọjọ́bọ̀ kan bá lọ láìwẹ̀, ó di kó máa di ògiri mú lọ sí ilé ìdáná.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àyà gbogbo obìnrin fi já nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti Sofia ní òun fẹ́ wó ilé ìwẹ̀, kí òun kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀. Wọ́n ní ẹ fọkàn balẹ̀, a máa gbẹ́ adágún tuntun fún ará ìlú nínú ọgbà kan náà, omi ìlú ni, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín? Òfin sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìlú jọ, kí ìlú wo ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́, kí wọ́n nàwọ́ sókè tàbí kí wọ́n má nà án. Wọ́n nílò fídíò. Ẹnjiníà wọn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lachezar, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán àní nígbà ẹrẹ̀, gun àtẹ̀gùn wá bá Temenuga fúnra rẹ̀.

"Ìwọ ni ọmọ onílùú," ó ní. "Ta ló tún yẹ ká gbé e fún?"

"Adágún ará ìlú ńkọ́?" Temenuga bi í. "Ibo ló wà?"

Lachezar tẹ́ ìwé ìlà sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ ibì kan. Adágún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ rántí ìyẹn, kí ẹ má baà pe Temenuga ní ọ̀dàlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìlà kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àgbélébùú kéékèèké sí lára, tó ya adágún náà sọ́tọ̀: ọgbà irin ni. Temenuga kọ́ ọ bó ṣe ń kọ́ gbogbo nǹkan, ọ̀pá irin dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga ju ènìyàn lọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Kò béèrè ohun tó wà fún. Ọgbà ni ọgbà ń jẹ́. Ilé wo ni kò ní?

Ohun tó ká a lára ni ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ fi Gana sínú fídíò náà. Ó ní kí Gana rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ kí òun lè ya fídíò ìrìn rẹ̀, Gana sì ń ráhùn pé, "Meni, ṣé màlúù ọjà ni mí tí o fi ń wo ẹsẹ̀ mi báyìí?" Meni ló máa ń pe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó lọ pààrọ̀ gèlè. Nínú kọ̀ǹpútà, Temenuga mú kí ìyá arúgbó kan jáde láti abẹ́ àwọn igi, pẹ̀lú gèlè aláwọ̀ ewé àti báàgì ọ̀rá lọ́wọ́, kó máa rìn lọ sí adágún, kí kámẹ́rà máa bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi wọ inú omi, tí èéfín omi gbígbóná yóò sì bo èjìká rẹ̀. Ibi tó dára jù nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ sunkún díẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ rí i.

Ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, ó gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sinimá àtijọ́ tí ìlú ti máa pàdé, ó lọ dán fídíò náà wò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò gan-an. Ìwà rẹ̀ nìyẹn; kì í gba ẹ̀rọ ilé rẹ̀ gbọ́. Ó fa aṣọ fèrèsé, ó jókòó sí ìlà àárín. Fídíò lọ geere. Òtẹ́ẹ̀lì lọ geere, àwọn igi lọ geere. Ìgbà tó kan ìyá arúgbó tó ń rìn, kámẹ́rà gba iwájú ọgbà irin kọjá, nǹkan sì bàjẹ́. Ọ̀pá irin kan di méjì, méjì di mẹ́ta, gbogbo ojú ògiri ń gbọ̀n pìrìpìrì bí ẹni tí ibà mú. Láàárín àwòrán kan àti èkejì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti fò jìnnà jù, ojú ò lè bá a dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà, ó ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Temenuga jókòó sínú òkùnkùn gbọ̀ngàn òfìfo, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ "Aṣebàtà!"

Kò sí oògùn tí kò lò. Ó mú kí kámẹ́rà rọra rìn, ṣùgbọ́n Lachezar ti sọ pé fídíò kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, bí ibẹ̀ bá sì gùn, ibòmíràn ni yóò gé. Ó sọ àwòrán di ìlọ́po méjì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn, tó jẹ́ pé ó ti tó ìfẹ̀yìntì, gbé e mì, ó há a lọ́fun, ó dákẹ́ pátápátá. Ó mú kí ọ̀pá irin rí fírífírí bí ohun tó ń sáré kọjá. Ó wá dà bí ẹni pé iná ń jó ìyá rẹ̀. Ó lè gbé kámẹ́rà sí òdìkejì, níbi tí ọgbà kò ti dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Gana nìkan la máa rí níbẹ̀, Temenuga sì fẹ́ kí ìlú rí ojú ìyá òun. Ó wá ku nǹkan kan ṣoṣo. Ó tẹ bọ́tìnì, ọgbà irin pòórá.

Ó tún gbé fídíò náà sójú ògiri. Ó lọ geere. Kò sí ibi tó ti kọsẹ̀.

Kò sì ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ó pe Lachezar lórí fóònù.

"Ẹnjiníà, ẹ káàsán o. Ọgbà irin kan ń gbọ̀n lójú ògiri, ó ń ba fídíò jẹ́. Mo ti yọ ọ́."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tó wà láàárín òtẹ́ẹ̀lì àti adágún ará ìlú."

Lachezar ṣí ìwé ìlà, bébà ń dún lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Yọ ọ́, àbúrò mi, yọ ọ́! Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ. Ohun tó bá ti máa jẹ́ kó lẹ́wà, ṣe é."

Temenuga rò pé ẹ̀rín ayọ̀ ni. Ẹ̀rín ayọ̀ náà ni.

Oṣù Kẹta ni ìpàdé bọ́ sí, òwú pupa àti funfun tí à ń so lóṣù yẹn wà lọ́rùn ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ náà gbé bánítsà gbígbóná wá, àkàrà oníwàràkàṣì tiwa, ìlú sì jẹ ẹ́ tẹ́nu-tẹ́nu kí wọ́n tó pa iná. Temenuga dúró lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ojú fèrèsé kékeré tí bàbá rẹ̀ máa ń yọjú níjọ́un. Kò wo ògiri, orí àwọn ènìyàn ló ń wò. Kò sí ẹni tó súfèé. Kò sí ẹni tó yíra padà lórí àga. Nígbà tí ìyá arúgbó jáde láti abẹ́ igi, ẹnì kan kígbe pé, "Ẹ wò ó! Gana nìyẹn! Báàgì ẹ̀ nìyẹn!" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, Gana fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọge. Nígbà tó wọ inú omi, àwọn obìnrin kan mí kanlẹ̀ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n wọ̀ ọ́. Àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e pẹ́. Gbọ̀ngàn tó bú Metodi títí ó fi kú ló ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ Metodi, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Spas ló dìde. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni, ó kọ́ ìdajì ìlú, ó sì máa ń tako gbogbo nǹkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú ìlú.

"Mo ti lọ wo ìwé ìlà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀ kánsù," ó ní. "Ọgbà kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú sinimá yín. Géètì ẹ̀ dà? Ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Lachezar ń to ìwé rẹ̀, kò gbójú sókè. Gana ló dìde dípò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún.

"Spas, jókòó jàre! Wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀sì wá, o ní rárá. Wọ́n fẹ́ kun bẹ́ǹṣì, o ní rárá. Ọmọ tí mo fi inú mi bí ló ṣe fídíò yìí. Ṣé ò ń sọ pé ọmọ mi ń purọ́ ni?"

"Gana, mi ò pe ọmọ ẹ lónírọ́. Ọgbà ni mo béèrè."

"Ṣé o rí ọgbà níbẹ̀?"

"Mi ò rí i."

"Ó tán nìyẹn! Àbí ojú ẹ tún ti ń rí ohun tí kò sí?"

Ẹ̀rín pa gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n Temenuga: *Ọgbà wà. Èmi ni mo yọ ọ́, torí ó ń gbọ̀n.* Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró, ó gbé àgbọ̀n sókè, ojú rẹ̀ ń dán. Báwo ló ṣe máa dójú tì í láàárín ìlú? Ó sì ní, ọgbà lásán náà ni, kí ló wà nínú ọgbà? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n ní ká nàwọ́, a nàwọ́. Spas àti tọkọtaya kan tó ń gbé nítòsí rẹ̀ nìkan ni kò nà án.

Wọ́n wó ilé ìwẹ̀ kí òwú oṣù Kẹta tó já lọ́wọ́ wa. Ọdún méjì ni àwọn obìnrin fi ń fi abọ́ wẹ̀ nílé. Orúnkún Gana wú, ó ń fi igi rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ráhùn lójú rẹ̀ á gbọ́ ti ẹnu rẹ̀: "Ẹ ní sùúrù! Tuntun ń bọ̀. Ṣé ẹ ò rí mi nínú ẹ̀ ni?"

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì náà, Gana wé gèlè aláwọ̀ ewé, ó kó ọṣẹ àti táwẹ̀lì sínú báàgì ọ̀rá, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, wọ́n lọ. Ọgbà irin ló pàdé wọn. Dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́, ga ju ènìyàn lọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Temenuga dúró. Kò tíì rí i rí láyé, ó sì mọ gbogbo ọ̀pá rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ kan wà lẹ́nu géètì.

"Káàdì yín, Màmá."

"Káàdì wo? Ará ìlú ni mí."

"Káàdì àlejò òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣí i, Màmá. Ẹ má bínú."

"Adágún tiwa ló wà níbẹ̀ yẹn!"

"Wọ́n ní wọ́n á máa ṣí i fún ará ìlú nígbà tí wọ́n bá ṣètò ẹ̀. Wọn ò tíì ṣètò ẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, wo ojú mi dáadáa." Gana súnmọ́ ọgbà. "Èmi ni mo wà nínú fídíò yẹn. Èmi ni mo wọ inú omi yẹn! Gbogbo ìlú ló rí mi!"

"Màmá, fídíò kì í ṣe káàdì."

Gana di ọ̀pá irin méjì mú, ó ń wo èéfín tó ń gòkè lórí omi níbi tí ẹnikẹ́ni kò wà. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, kò wo ọmọ rẹ̀, wọ́n sì rìn padà sílé.

Ìlú dà gìrìgìrì lọ sí kánsù. Kánsù ní ọgbà wà nínú ìwé ìlà, ìwé ìlà wà lára ògiri fún odindi oṣù kan, ìwé ìlà ni ẹ nàwọ́ fún. Fídíò, ẹ kàn wò ó ni. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Àwa tí a jẹ bánítsà wọn, kí la fẹ́ sọ? Nígbà tí ìbínú kò rí ilé-iṣẹ́ mú, ó yà sí àjà kẹrin.

Temenuga kò sá. Ó yẹ kí n fi ìyẹn yìn ín. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ilé alápapọ̀, ó pe àwọn obìnrin jọ, ó fi fídíò àkọ́kọ́ hàn wọ́n, èyí tí ọgbà wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń gbọ̀n. Ó ṣàlàyé fún wọn, ó fi ọwọ́ júwe bí ọ̀pá ṣe ń fò láti àwòrán kan sí èkejì. Wọ́n wò ó láìmira. Stoimenka tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ lanu.

"Ọgbà nìyẹn," ó ní. "Ó hàn kedere."

"Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí bó ṣe ń gbọ̀n?"

"Mo rí i. Temenuga, èyí tó ń gbọ̀n yìí, ṣé kò dáa tó fún wa ni?"

Temenuga tún dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Má fi ẹ̀rọ dà wá láàmú," obìnrin mìíràn ní. "Èló ni wọ́n fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Ó ń gbọ̀n ni."

"Ó ń gbọ̀n! Ẹ gbọ́ mi o, ó ń gbọ̀n! Ìyá ẹ náà ń gbọ̀n báyìí, lọ yọ òun náà kúrò."

Wọ́n tú ká. Láti ọjọ́ náà, bó bá kí ènìyàn, wọ́n á máa wo ìtàkùn àjàrà lára ògiri. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́, èmi náà kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Ta ni yóò ta omi ìlú nítorí pé nǹkan ń gbọ̀n lójú ògiri?

Gana fúnra rẹ̀ kò béèrè títí di ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú abọ́ omi gbígbóná tí Temenuga gbé ka iwájú rẹ̀ ní ilé ìdáná.

"Meni, sọ òótọ́ fún mi. Wọn ò fún ẹ ní nǹkan kan?"

"Owó iṣẹ́ mi nìkan, Màmá."

"Kò sí nǹkan kan lábẹ́ tábìlì?"

"Rárá. Ó ń gbọ̀n ni, Màmá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ojú yín."

Gana wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi.

"Ì bá sàn kí wọ́n fún ẹ," ó ní. "Ẹni tó bá ta ìyá ẹ̀, ó kéré tán, ó mọ iye tí ìyá ẹ̀ jẹ́. Ìwọ fi mí tọrẹ ni."

Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní kí ó bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu Gana. Á jẹ òkèlè méjì, á ti abọ́ síwájú.

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, Temenuga sì rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù Stoimenka. Èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń dúró de búrẹ́dì tó ń jáde bọ̀. Bó ṣe wọlé, ọ̀rọ̀ dúró. Stoimenka nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù.

"Temenuga, ṣé a ò ní gbọ́ iye yẹn láéláé ni?"

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi egungun. Ó la ẹnu láti tún sọ ọ́, pé ó ń gbọ̀n ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì jáde.

"Ó pọ̀."

Stoimenka fi ọwọ́ méjèèjì ti káńtà.

"Ó pọ̀ tó báwo?"

"Ó pọ̀ gan-an ni, Stoimenka."

"Mo mọ̀!" Stoimenka lu káńtà. "Ṣé mi ò sọ fún yín? Ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n! Mo ní kò sí ẹni tó ya wèrè tó bẹ́ẹ̀!" Ojú rẹ̀ ti tú ká, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bá tú ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó fa búrẹ́dì tó gbóná jù yọ láti ìsàlẹ̀, ó fi bébà wé e. Àgbàlagbà kan lẹ́yìn ní, "Ká sòótọ́, èmi náà ì bá gbà á." Wọ́n mi orí. Stoimenka tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, bá mi bá ẹnjiníà yẹn sọ̀rọ̀. Ọmọ mi obìnrin ń wáṣẹ́. Kódà kó máa tẹ́ ibùsùn fún àlejò, a ò ní kọ̀ ọ́."

"Màá bá a sọ ọ́," Temenuga ní.

Lójú ọ̀nà, ènìyàn mẹ́ta kí i.

Kó tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, fóònù ti ṣáájú rẹ̀. Gana ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó dúró lórí orúnkún burúkú yẹn, igi kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tí Stoimenka sọ?"

Temenuga wo ojú ìyá rẹ̀. Ó rí bó ṣe ń retí, bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ láìlanu.

"Òótọ́ ni, Màmá. Ojú ló ń tì mí ni mi ò fi sọ fún yín."

Gana fọwọ́ lé àyà, ó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run, mo dúpẹ́ o," ó ní. "Mo ti ń rò pé òmùgọ̀ ni mo bí."

Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ di ògiri mú lọ sí ilé ìdáná, ó gbé wàrà kíkan àti ata lílọ̀ sórí tábìlì. Kò béèrè ibi tí owó náà wà. Ó jẹun yó lọ́jọ́ náà, ó sì ń sọ fún Temenuga pé kó má kàn jókòó bẹ́ẹ̀, kó jẹun, búrẹ́dì ń tutù.